PhD lórí iṣẹ́ ọnà òde òní: ṣé kí n dúró sílé ni àbí kí n jáde? Ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ẹ bá mi dá sí i

Àkànkẹ́ Ajílété (Àìkú, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìlanu, ṣùgbọ́n tòní ti kọjá kíkà.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, nítòsí Tákìè. LAUTECH ni mo ti gboyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ọnà, mo lọ ṣe MFA, másítà iṣẹ́ ọnà, ní Ifẹ̀, mo sì parí rẹ̀ ní 2018. Láti ìgbà náà, ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Mo wà nílé ọkọ, mo sì bí ọmọ kan, ó ti pé mẹ́rin. Ọdún yìí ni mo sọ fún ara mi pé PhD ló kù.

Mo kọ àbá ìwádìí ojú ewé mẹ́rin. Àkọlé rẹ̀ ni “Iṣẹ́ Ọnà Òde Òní ní Nàìjíríà láti 1960 títí di Òní”. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n márùn-ún, méjì nílé, mẹ́ta lókè òkun. Mẹ́rin kò dáhùn rárá. Ẹnì karùn-ún kọ gbólóhùn kan péré: kí ni ìbéèrè rẹ gan-an? Mo ka lẹ́tà náà tán, mo jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Mo ṣe bí mo ti béèrè ni!

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé PhD alákọsílẹ̀ ni kí n wá ni, àbí èyí tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe? Owó ńkọ́? Ọkọ mi ní òun kò ní dí mi lọ́nà, ṣùgbọ́n òun kò ní máa ṣe bàbá ọmọ lórí WhatsApp.

Kòfẹ́jọ́ (Àìkú, 9:31 alẹ́)

Àǹtí, PhD lórí àwòrán, nínú ọ̀wọ́ngógó yìí? Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń tẹ báńà. Ìdìbò ń bọ̀, ojú olóṣèlú ni kí ẹ máa tẹ̀. Owó ń bẹ níbẹ̀.

Ọ̀dà àti Búrọ́ọ̀ṣì (Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ má dá Kòfẹ́jọ́ lóhùn. Báńà ìdìbò 2023 ló fi kọ́ ilé ẹ̀yìnkùlé.

Ṣùgbọ́n èmi náà fẹ́ bi yín léèrè tọkàntọkàn: kí lẹ fẹ́ fi PhD ṣe? Peju Alatise tó jẹ́ pé iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló kọ́ ní LAUTECH tiyín níbẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e dé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àgbáyé ti Venice ní 2017, ọdún àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe oyè ni wọ́n wò. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ di oníṣẹ́ ọnà, ẹ lọ ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé yunifásítì lẹ ti fẹ́ máa kọ́ni, ìyẹn yàtọ̀. Ní Nàìjíríà wa níbí, ẹni tí kò bá ní PhD, ìgbéga rẹ̀ á kàn dúró sójú kan ni.

Àkànkẹ́ Ajílété (Àìkú, 9:52 alẹ́)

Mo fẹ́ kọ́ni. Mo sì fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ má bínú, ojú kòkòrò ni.

Bàbá Ìwé (Ajé, 6:05 àárọ̀)

Àkànkẹ́, ẹni tó bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn ṣe ọ́ lóore. Àwọn mẹ́rin tó dákẹ́ ni kò ṣe ọ́ lóore. Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ka irú àbá báyìí fún ọdún gbọọrọ, mo sì mọ bó ṣe ń rí tí ojú bá kan “láti 1960 títí di òní”. Oorun ni.

Wo ohun tí o kó sínú agbọ̀n kan. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nítorí náà o ti gé wọn lórí kí o tó bẹ̀rẹ̀. Òṣogbo ń bẹ níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo ti 1962, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier ṣe ní 1964, níbi tí Twins Seven-Seven àti Muraina Oyelami ti yọjú. Yunifásítì Nsukka ń bẹ níbẹ̀, tí El Anatsui ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní 1975. Ẹgbẹ́ Ọnà ti Ifẹ̀, 1989. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú wọn tó iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta. Ẹni tó bá ní òun yóò rù gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, kò ní rí èyí tí yóò gbé dé ilé.

Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, o yẹ kí o rántí bí àwọn Ọnà ṣe ṣe é. Moyo Okediji àti Bolaji Campbell kò bẹ̀rẹ̀ láti “Nàìjíríà”. Àwọn ìyá àgbà tó ń kun ògiri ojúbọ ní Ifẹ̀ ni wọ́n lọ bá. Irú ilẹ̀ wo lẹ fi ń ṣe pupa yìí? Ta ló kọ́ yín? Kí lẹ ń pe àmì yìí? Ohun tí wọ́n gbọ́, wọ́n kó o wọ iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn, wọ́n fi ilẹ̀ kùn ún. Àwọn méjèèjì gba PhD ní yunifásítì Wisconsin ní Madison nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ògiri àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni Campbell sì kọ ìwé lé lórí. Láti ara ògiri kan.

Ìbéèrè mi kò le: kí ni ọwọ́ rẹ ń ṣe nígbà tí o kò bá kọ́ àwọn ọmọ?

Àkànkẹ́ Ajílété (Ajé, 1:20 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín nínú ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

Lálẹ́, tí ọmọ bá ti sùn, igbá àkúfọ́ ni mo máa ń rán. Mo máa ń lọ ra igbá fínfín tó ti là lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é ní Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù. Màá fi wáyà bàbà rán an mọ́ra wọn títí yóò fi tóbi tó ilẹ̀kùn. Mo ti ṣe mẹ́fà. N kò fi í sínú àbá mi, mo rò pé kì í ṣe irú ohun tí èèyàn ń gbé lọ bá yunifásítì.

Tísà Sábo (Ajé, 1:26 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà nítòsí rẹ̀ kó bá mi gbá a létí díẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òkè Òkun (Ajé, 8:47 alẹ́)

Àkànkẹ́, ẹ ti ní PhD nílé, ẹ ń wá a kiri lóko!

Mo wà ní ọdún kejì tèmi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe náà ni. Ẹ ó ṣe iṣẹ́, ẹ ó sì kọ̀wé lé e. Àwọn tó ń kọ̀wé nìkan máa ń kọ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ọ̀rọ̀. Tiwa máa ń tó ìdajì rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ìyókù ni iṣẹ́ tí ẹ gbé kalẹ̀ fún wọn láti wò. Ẹ má rò pé ó rọrùn jù o. Ìdajì yẹn gbọ́dọ̀ sọ ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ̀ tí ìwé kò mọ̀. Mo ti kọ tèmi nù lẹ́ẹ̀mẹta.

Ti ọkọ àti ọmọ: láti oṣù kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ṣe másítà oníkíláàsì kò lè mú ẹbí dání mọ́. PhD kò sí nínú òfin yẹn, ẹ lè mú wọn wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti owó o. Owó ìlera nìkan, £776 ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ẹ̀yin mẹ́ta, £2,328. Wọn kì í gbà á lọ́dọọdún, gbogbo iye ọdún tó wà lórí físà ni wọ́n ń gbà pa pọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ọjọ́ tí mo san tèmi, ebi ò pa mí fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ ò bá rí sìkọ́láṣíìpù, ẹ má dán an wò, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ti Amẹ́ríkà, MFA tí ẹ ní yẹn gan-an ni wọ́n kà sí oyè ìkẹyìn fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ìtàn iṣẹ́ ọnà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn PhD wọn, ọdún márùn-ún sókè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn máa ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń bá wọn kọ́ni.

Tísà Sábo (Ajé, 9:10 alẹ́)

Kí n fi tilé kún un, kó má dà bí ẹni pé gbogbo wa la fẹ́ kó lọ. Ifẹ̀ ń bẹ, Ìbàdàn ń bẹ. Ní Ìbàdàn, ẹ má wo ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà nìkan, ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ Áfíríkà tó ti wà níbẹ̀ láti 1962. Wọ́n ń gba PhD lórí iṣẹ́ ọnà, àwọn afinigbá kò sì ní ṣe àjèjì sí wọn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó lọ ẹ ó bọ̀, ọmọ yín á sì sùn sílé.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì kì í kọ̀wé kó tó dé. Ti 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì sí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Èmi ń ṣe PhD tèmi lọ́wọ́ nígbà náà ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ. A wọlé padà, mo gbọ́ pé alábòójútó mi ti lọ lo ọdún kan níbòmíràn. Orí kẹta ìwé ìwádìí mi sì wà lórí tábìlì rẹ̀. Fèrèsé ọ́fíìsì náà jẹ́ dígí, mo máa ń dúró níta, mo máa ń rí i. Èyí ni mo ṣe ń sọ fún yín pé ẹ yan èèyàn, ẹ má yan orúkọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ lọ bá àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ló máa ń gbà á kó tó da ìwé padà.

Ọmọ Afíngbá (Ìṣẹ́gun, 10:02 alẹ́)

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ti ń pè mí láti àná pé kí n wá ka ọ̀rọ̀ igbá. Ẹ jọ̀ọ́, afíngbá là ń pè é, Tísà, kì í ṣe afinigbá. Afíngbá ni bàbá mi ní Ọ̀yọ́, afíngbá ni bàbá tó bí i. Èmi náà fín in títí mo fi jáde girama. Mọ́tò ni mo ń tún ṣe báyìí, àmọ́ mo máa ń padà sídìí ọ̀bẹ tó bá di òpin ọ̀sẹ̀.

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn àkúfọ́ tí ẹ ń rà. Tí igbá bá gbó lóko, a ó là á sí méjì, a ó rẹ ẹ́ sómi títí inú rẹ̀ á fi jẹrà. Òórùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. A ó ha á, a ó sá a. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni ọ̀bẹ ń kàn án. Bàbá mi kì í fi pẹ́ńsùlù ya ohunkóhun. Yóò fi ẹnu ọ̀bẹ fa ìlà yí etí rẹ̀ ká, yóò pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, ó di pé ó ń fín nìyẹn. Ibi tó bá gé kúrò á funfun, ibi tó bá fi sílẹ̀ á dúró pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá yẹ̀, kò sí írésà. Yóò dọ́gbọ́n sọ ibi tó yẹ̀ di ara ọnà, tàbí kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ̀ ń rà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ ni oníbàárà wa. Ike àti tánganran ti gba ibi ìdáná pátá. Àwọn tó ń ra igbá lọ́wọ́ wa báyìí kì í bu ohunkóhun sínú rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì á kọ́ ọ sára ògiri. Àwọn mìíràn á fi bo gílóòbù iná. Kí ẹ má rò pé ọnà kan náà ni o! Igbá ìyàwó, gbogbo ojú rẹ̀ ló máa ń kún fọ́fọ́. Ti iná, o ní láti dá ihò sí i kí ìmọ́lẹ̀ ráyè jáde, tí ihò bá sì pọ̀ jù, igbá á fọ́ sọ́wọ́ rẹ. Ọdún tí ọjà Akẹ̀sán jóná, 2020, tí ẹnikẹ́ni kò ra igbá, ni Bàbá jókòó ti fìtílà tó ń wá ibi tí ihò yẹn yóò gbà. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, oníṣẹ́ ọnà kan ti Èkó wá. Ó ní kí Bàbá fín igbá igba. Ó ní kó ṣe é bó bá ṣe wù ú. Ó sanwó, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n mi rí wọn lórí fóònù, nínú gálárì kan, wọ́n so wọ́n rọ̀ láti òkè ilé. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lára ògiri. Bàbá wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀kẹta láti ọwọ́ òsì yẹn, ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyá yín lọ ọsibítù ni mo fín in.” Ó bá gbé fóònù padà fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ta ló niṣẹ́ yẹn?

Ọ̀dà àti Búrọ́ọ̀ṣì (Ìṣẹ́gun, 10:30 alẹ́)

Bọ̀dá, ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà níkùn mi. Ẹni tó ronú pé kí igba igbá rọ̀ láti òkè ló niṣẹ́. Bíríkìlà kì í kọ orúkọ sára ilé. El Anatsui ní ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó bá a so ìdérí ìgò pọ̀ ní Nsukka, iṣẹ́ El Anatsui la sì ń pè é.

Tísà Sábo (Ìṣẹ́gun, 10:38 alẹ́)

Bíríkìlà wo lo ti sọ fún rí pé kó kọ́ ilé bó bá ṣe wù ú?

Mo tọrọ gáfárà fún afinigbá o.

Bàbá Ìwé (Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀)

N kò sùn dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí lẹ fà á.

Ìjà tí ẹ ń jà yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan fún ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ gálárì, ọ̀kan fún ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Àwa ní ọnà. Ẹni tó ń fín igbá àti ẹni tó ń kun kánfáàsì, oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiodun ti ṣàlàyé ojú-ọnà fún ayé gbọ́, ojú tí oníṣẹ́ fi ń rí bí ọnà yóò ṣe jókòó kó tó kàn án. Ohun tí bàbá ọmọ wa yìí ń ṣe nídìí fìtílà nìyẹn. Babatunde Lawal náà tú ọ̀rọ̀ àwòrán palẹ̀ pé ohun tí a wò tí a fi ń rántí ni. Ẹ̀kẹta láti ọwọ́ òsì. Kí ẹ wá sọ fún mi pé èyí kì í ṣe òde òní.

Ṣùgbọ́n kí a má bá a débi àsọdùn. Àwa náà mọ àgbà ọ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀kọ́ṣẹ́. Ẹni tó so igbá rọ̀ náà ronú. Àkànkẹ́, má ṣe lọ kọ ìwé tí afíngbá yóò jẹ́ áńgẹ́lì, tí ará Èkó yóò jẹ́ olè. Lọ wo bí wọ́n ṣe ń ná ara wọn: ta ló sọ iye, ta ló yan ọnà, ta ló lè sọ pé rárá.

Kí o tó kọ ohunkóhun mọ́, wá ọ̀sẹ̀ kan lọ sí Èkó. Ilé ìkàwé tí olóògbé Bisi Silva dá sílẹ̀ pẹ̀lú CCA, ibùdó iṣẹ́ ọnà òde òní, ní 2007 wà ní Yábà. Ìwé iṣẹ́ ọnà òde òní tí o kò ní rí ní ìdajì yunifásítì wa wà níbẹ̀.

Kòfẹ́jọ́ (Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀)

Bọ̀dá Ọmọ Afíngbá, gílóòbù onígbá yẹn, èló ni? Ìyàwó mi rí ọ̀rọ̀ yín.

Ọmọ Afíngbá (Ọjọ́rú, 7:40 àárọ̀)

Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì. Iye ti ará Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀, a mọ̀ pé ẹ ti jẹ ẹ̀kà kí ẹ tó mu ẹ̀kọ yangan.

Àkànkẹ́ Ajílété (Jímọ̀, 11:48 alẹ́)

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ Ọmọ Afíngbá ló mú mi.

Mo ta ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yẹn lọ́dún tó kọjá, ní Ìbàdàn. Mo gbé èyí tó kù sí ògiri, mo kà wọ́n: ó kéré tán, ọwọ́ èèyàn mẹ́ta ló wà lára ọ̀kan ṣoṣo, nítorí bí wọ́n ṣe ń fa ìlà etí igbá kò jọra. Orúkọ mi nìkan ni mo kọ sẹ́yìn èyí tí mo tà. Mo ti ń pe ará Èkó yẹn lólè nínú ọkàn mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó dáhùn yẹn lálẹ́ yìí rèé, ojú ewé kan péré: láti ìgbà tí igbá fínfín ti kúrò níbi ìdáná bọ́ sára ògiri, kí ni àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ ń yí padà nínú ọnà wọn, ta ló sì ń pinnu rẹ̀, àwọn ni àbí ẹni tó ń rà á? Iṣẹ́ rírán mi yóò wà nínú rẹ̀, èmi náà yóò sì wà nínú àwọn tí mo ń wádìí. Mo kọ̀wé sí Ìbàdàn náà. Ti sìkọ́láṣíìpù, èyí tó bá kọ́kọ́ dé.

Ọmọ Afíngbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bàbá máa gbà kí n wá? Màá sanwó àkókò wọn. Ohun tí wọn kò bá fẹ́ kí n kọ, n kò ní kọ ọ́.

Ọmọ Afíngbá (Àbámẹ́ta, 4:33 ìrọ̀lẹ́)

Mo ka ìwé yín fún Bàbá. Wọ́n ní kí ẹ wá lọ́jọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun, kì í ṣe Jímọ̀. Ẹ tètè kúrò ní Tákìè, ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má mú kámẹ́rà wá.

Wọ́n ní kí ẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn èyí tí ẹ rán dání. Wọ́n fẹ́ wo ohun tí ẹ fi wáyà ṣe sí etí igbá wọn.